Elevon lórí rẹ́díò EdgeTX: bí ẹ ṣe máa pò ó tí báàlù ò fi ní dojú dé

Nínú gbogbo báàlù ìṣeré onírẹ́díò, èyí tí kò nírù ló rọrùn jù láti kàn: apá méjì, mọ́tò kan, servo méjì (mọ́tò kékeré tó ń mi pátákó), ó parí. Orí rẹ́díò tí ẹ fi ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀ ló ti ń di wàhálà. Pátákó méjì tó ń mì lẹ́yìn apá, tí wọ́n ń pè ní elevon, ló ń dá ṣe iṣẹ́ tí pátákó apá àti pátákó ìrù máa ń pín ṣe lára báàlù onírù. Àwọn ló ń gbé imú sókè, àwọn náà ló ń dà á sọ́tùn-ún tàbí sósì. Àṣẹ méjì gbọ́dọ̀ pò pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ servo kọ̀ọ̀kan. Tí pípò yẹn bá wọ́, báàlù á kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú, á yí bìrí, á sì fi imú gúnlẹ̀ kí olówó rẹ̀ tó rántí ibi tó yẹ kó fa ọ̀pá rẹ́díò sí.

Ohun tó ń kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé tí pátákó kan bá lọ síbi tí kò yẹ, wọ́n á sáré lọ yí àmì padà lójú MIXES. Ìyẹn á ba òmíràn jẹ́. Wọ́n á lọ yí OUTPUTS, èyí tó ti dáa tẹ́lẹ̀ náà á tún bàjẹ́. Kò ní pẹ́ tí gbogbo ẹ̀ á fi di rúdurùdu, tí àwọn fúnra wọn ò ní mọ èwo làwọn ti yí àti èwo làwọn ò tíì yí.

Ojú mẹ́ta ló wà lórí EdgeTX, ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ́díò, tó kan ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ ọ̀kan rán èkejì. INPUTS ni ohun tí ọwọ́ yín ń bèèrè. MIXES ni bí àṣẹ yẹn ṣe ń pín sí ṣánẹ́ẹ̀lì (CH). OUTPUTS ni bí ẹ ṣe so servo mọ́ inú báàlù: èyí tó kọjú sósì, èyí tó kọjú sọ́tùn-ún, èyí tó ń fa wáyà, èyí tó ń tì í. Tí servo bá ń lọ sódì, OUTPUTS lẹ ti máa tún un ṣe. Ẹ fi MIXES sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Àlàyé yìí bá RadioMaster Boxer, Pocket àti TX16S mu, àti rẹ́díò èyíkéyìí tó bá ń lo EdgeTX. Bí ojú wọn ṣe rí lè yàtọ̀ díẹ̀, àmọ́ orúkọ tí mo lò níbí náà lẹ máa rí.

Ohun tí ẹ nílò

- Báàlù tí ẹ ti kàn tán, tí servo, ESC (ohun tó ń pín iná fún mọ́tò), mọ́tò àti rìsífà (ohun tó ń gba àṣẹ rẹ́díò) ti wà nínú ẹ̀, tí rìsífà sì ti mọ rẹ́díò yín.
- Ìwé tó bá báàlù wá. Inú ẹ̀ lẹ máa ti rí ibi tí ìwúwo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí, àti iye milimítà tí elevon gbọ́dọ̀ rìn.
- Rúlà onímilimítà àti sukudiráfà kékeré.
- Bátìrì tí ẹ ti gba iná sí.
- Téèpù bébà àti bírò.

Ẹ lẹ téèpù mọ́ apá méjèèjì, kí ẹ kọ Ọ̀TÚN sára ọ̀kan àti ÒSÌ sára èkejì. Ẹ̀yìn báàlù lẹ máa dúró sí kí ẹ tó kọ ọ́, kí imú rẹ̀ kọjú síbi tí ojú yín kọjú sí. Ó lè dà bí iṣẹ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé báàlù sórí tábìlì pẹ̀lú imú tó kọjú sí i máa ń pe ọ̀tún ní òsì láìfura, gbogbo ohun tó bá wá tò lẹ́yìn náà ló máa jẹ́ òdì.

Ẹ yọ abẹ̀bẹ̀ mọ́tò kúrò báyìí, kí ẹ tó ka ìlà tó kàn. Kì í ṣe kí ẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀ o. Ẹ yọ ọ́ pátápátá, kí ẹ gbé e sí ibòmíràn. Mọ́tò tó bá gbéra lójijì lórí tábìlì kì í fi ìka ṣeré.

Ìpele 1: Model tuntun, wáyà síbi tó yẹ

Ẹ lọ sí MODEL SELECT, kí ẹ dá model tuntun (àyè tí rẹ́díò ń tọ́jú ètò báàlù kan sí). Ẹ má ṣe da ti báàlù mìíràn kọ láti fi dín iṣẹ́ kù. Ìlà kan tó fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ MIXES látinú model àtijọ́ lè dúró jẹ́ẹ́ títí tí ẹ fi máa fọwọ́ ba súwíìṣì kan lójú ọ̀run.

Ètò AETR, ìyẹn bí àwọn àṣẹ ṣe tò tẹ̀ léra lórí ṣánẹ́ẹ̀lì, ni mo lò níbí. Tí rẹ́díò yín bá wà lórí ẹ̀, model tuntun á ti ní ìlà mẹ́rin: Ail (yíyí sọ́tùn-ún sósì) lórí CH1, Ele (gbígbé imú) lórí CH2, Thr (mọ́tò) lórí CH3, Rud (yíya imú sọ́tùn-ún sósì) lórí CH4. Ẹ ki servo apá òsì bọ CH1 lára rìsífà, ti apá ọ̀tún bọ CH2, àti ESC bọ CH3. Ẹ kọ ọ́ sórí téèpù pẹ̀lú. Gbogbo ìṣirò tó ń bọ̀ dúró lórí pé òsì wà ní CH1 àti ọ̀tún ní CH2.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ tan rẹ́díò, kí ẹ tó so bátìrì. Tí ẹ bá mi ọ̀pá tó ń darí Ail àti Ele sọ́tùn-ún sósì, servo òsì nìkan ló gbọ́dọ̀ mì. Tí ẹ bá fà á síwájú sẹ́yìn, servo ọ̀tún nìkan. Ibi tí pátákó ń lọ ò tíì kàn wá.

Ìpele 2: Àárín gbùngbùn servo

Ẹ dá gbogbo trim (bọ́tìnnì kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá) padà sí àárín, kí ẹ sì rí i pé Subtrim (àtúnṣe àárín servo) CH1 àti CH2 wà ní 0 lójú OUTPUTS. Ní àárín yìí, 1500 µs (ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá) ni rẹ́díò ń fi ránṣẹ́ sí servo. Ẹ tú apá servo (èyí tó ń yí lórí rẹ̀), kí ẹ tún un fi sí i kó lè dúró ṣánṣán, kó ṣe igun 90 pẹ̀lú irin tó so ó mọ́ pátákó. Eyín inú servo kì í sábà jẹ́ kó bọ́ sí 90 gẹ́lẹ́. Ẹ fi í síbi tó bá sún mọ́ ọn jù, èyí tó kù la lè fi Subtrim díẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìdè orí irin yẹn tún gígùn rẹ̀ ṣe títí elevon á fi wà níbi tí ìwé báàlù ní kó wà. Báàlù tí kò nírù kì í fò dáadáa tí elevon bá tẹ́jú pẹrẹsẹ pẹ̀lú apá. Ó máa ń fẹ́ kí ẹ̀yìn elevon méjèèjì gbé sókè díẹ̀, 2 sí 3 milimítà lórí ọ̀pọ̀ irú wọn. Irin yìí lẹ máa fi ṣe é, kì í ṣe Subtrim. Ẹni tó bá fi Subtrim ńlá gbé elevon sókè ti jẹ nínú ìrìn servo lápá kan, elevon rẹ̀ á máa rìn jìnnà sísàlẹ̀, á sì tètè dúró lókè.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ dúró sẹ́yìn báàlù, kí ẹ wo elevon méjèèjì. Ìgbéga wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ìyàtọ̀ milimítà kan ṣoṣo tó láti mú kí báàlù máa tẹ̀ sápá kan látìgbà tó bá ti kúrò lọ́wọ́.

Ìpele 3: Pípò lójú MIXES

Ẹ lọ sójú MIXES. Lórí CH1, ẹ ṣí ìlà Ail, kí ẹ sọ Weight rẹ̀ (ìdá ọgọ́rùn-ún àṣẹ tó máa kọjá) di 50. Ẹ padà síta, ẹ di ENTER mú lórí ìlà yẹn, kí ẹ yan Insert after, ìlà tuntun á jáde lábẹ́ rẹ̀. Source rẹ̀ (ibi tí àṣẹ ti ń wá) ni Ele, Weight rẹ̀ ni 50. Lórí CH2, ẹ sọ ìlà Ele tó wà níbẹ̀ di 50, kí ẹ fi ìlà Ail kún un pẹ̀lú Weight −50. Bó ṣe máa rí nìyí:

CH1, apá òsì: Ail 50, Ele 50
CH2, apá ọ̀tún: Ele 50, Ail −50

Àmì ìyọkúrò kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá rí méjì, ẹ ti ṣìnà.

Ibi méjì ni àwọn èèyàn ti máa ń kọsẹ̀ níbí. Èkíní ni Source. Nínú àkójọ tí rẹ́díò máa kó síwájú yín, Ail àti Ele wà lẹ́ẹ̀mejì: àwọn tó ní àmì Input lára ló kọ́kọ́ wà, àwọn ọ̀pá gan-an ló tẹ̀ lé wọn. Èyí tó ní àmì Input ni kí ẹ mú. Tí ẹ bá mú ọ̀pá tààrà, pátákó á máa mì bó ṣe yẹ, ẹ ò sì ní fura, àmọ́ ohunkóhun tí ẹ bá tò sójú INPUTS lẹ́yìn náà ò ní kan ìlà yẹn rárá. Ìkejì ni Multiplex, bí ìlà kan ṣe ń bá èyí tó wà lókè rẹ̀ pò. Add ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lórí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Replace lórí ìlà kejì á gbé ìlà àkọ́kọ́ mì, ẹ ó kàn rí i pé báàlù ń gbé imú ṣùgbọ́n apá òsì kọ̀ láti dá sí yíyí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ṣí Channel Monitor (ojú tó ń fi nọ́ńbà ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn), ẹ má tíì wo báàlù. Ẹ fa ọ̀pá wá sọ́dọ̀ ara yín dé òpin: CH1 àti CH2 gbọ́dọ̀ wà ní −50. Ẹ jẹ́ kó padà sáàárín, kí ẹ tì í sọ́tùn-ún dé òpin: CH1 á wà ní +50, CH2 ní −50. Tí nọ́ńbà wọ̀nyí bá jáde, MIXES ti parí. Láti ìsinsìnyí lọ, ohunkóhun tó bá ń lọ sódì, kì í ṣe ibí yìí ló ti wá.

Ìpele 4: Ibi tí pátákó ń lọ

Ìpele yìí ló ń pa báàlù jù, torí náà ẹ fara balẹ̀. So bátìrì, dúró sẹ́yìn báàlù, kí imú rẹ̀ kọjú síwájú.

Gbígbé imú lẹ máa kọ́kọ́ tò. Ẹ má fọwọ́ kan ọ̀tún tàbí òsì rárá báyìí. Ẹ fa ọ̀pá wá sọ́dọ̀ ara yín. Ẹ̀yìn elevon méjèèjì gbọ́dọ̀ lọ SÓKÈ. Èyí tó bá lọ sísàlẹ̀, ẹ lọ sójú OUTPUTS, kí ẹ yí Direction ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sí INV (òdì). Tó bá jẹ́ méjèèjì ló lọ sísàlẹ̀, ẹ yí méjèèjì. Tó bá jẹ́ ọ̀kan, ẹ yí ọ̀kan. Níwọ̀n bí servo méjèèjì ti kọjú síra wọn nínú apá, ó wọ́pọ̀ pé ọ̀kan péré ló máa nílò yíyí, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Nígbà tí méjèèjì bá ti ń lọ sókè, ẹ wá ti ọ̀pá sọ́tùn-ún. Elevon ọ̀tún gbọ́dọ̀ lọ sókè, ti òsì gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀. Tí ẹ bá ti tẹ̀ lé ìpele kẹta bó ṣe wà, èyí á ti tọ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ṣe nǹkan kan. Ìdí ni pé ẹ ti fi OUTPUTS sọ fún rẹ́díò pé nọ́ńbà tó bá wà nísàlẹ̀ òdo túmọ̀ sí òkè lórí apá méjèèjì. Ọ̀tún sì ń fún CH2 ní −50.

Tí kò bá tọ́ ńkọ́? Tí elevon ọ̀tún bá ń lọ sísàlẹ̀ nígbà tí ẹ ti ọ̀pá sọ́tùn-ún, ó ku ohun kan ṣoṣo: wáyà méjèèjì ti bọ́ sí àyè ara wọn lára rìsífà. Ẹ yọ CH1 àti CH2, kí ẹ pààrọ̀ wọn, kí ẹ sì tún ìpele yìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, torí INV náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé servo rẹ̀. Tí rìsífà bá ti wọ inú fóòmù tí ọwọ́ ò lè dé ibẹ̀ mọ́, ẹ lè yí àmì Ail lórí ìlà méjèèjì nínú MIXES, CH1 á di −50, CH2 á di 50. Ìgbà yìí nìkan ni mo gbà pé kí ẹ padà sójú yẹn.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi INV tún yíyí ṣe. Ẹni tó bá yí CH1 àti CH2 sí INV nítorí pé ọ̀tún ń lọ sódì máa rí i pé ọ̀tún ti tọ́, inú rẹ̀ á dùn, á gbàgbé pé gbígbé imú náà ti yí padà. Tó bá fa ọ̀pá láti gbé báàlù sókè, báàlù á wo ilẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ pe ẹlòmíràn wá, kí ó dúró sẹ́yìn báàlù láìwo ọwọ́ yín. Ẹ mi ọ̀pá síbi tó wù yín, kí ẹ ní kó sọ ohun tí báàlù máa ṣe. Tó bá ní «ó ń gbé imú», «ó ń dà sósì», tó sì bá ohun tí ọwọ́ yín ṣe mu, ó tọ́. Ojú ẹni tó tò ó máa ń rí ohun tó fẹ́ rí.

Ìpele 5: Pípín ìrìn láàárín àṣẹ méjèèjì

50 pẹ̀lú 50 wà fún àyẹ̀wò. Lójú ọ̀run, ọ̀pọ̀ báàlù tí kò nírù ń fẹ́ ìrìn púpọ̀ fún yíyí, díẹ̀ fún imú, torí ìrù tó yẹ kó mú kí imú dúró jẹ́ẹ́ kò sí. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ail 60 àti Ele 40.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni àròpọ̀ méjèèjì. Kò gbọdọ̀ ju 100 lọ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan. Ká ní ẹnìkan fi 100 sí Ail, ó tún fi 100 sí Ele, torí ó fẹ́ kí báàlù rẹ̀ gbọ́ràn dáadáa. Tó bá fa ọ̀pá dé òpin, elevon méjèèjì ti dé −100. Tó bá wá ti ọ̀pá sọ́tùn-ún láti inú ibẹ̀, CH2 ń bèèrè −200, rẹ́díò ò sì ní ju −100 lọ, nítorí náà elevon ọ̀tún ò ní mira. Ti òsì nìkan ló máa ṣiṣẹ́, báàlù á yí ní ìdajì, á sì ju imú sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Inú kọ́nà tó le, níbi tí ẹ ti ń fa ọ̀pá púpọ̀, gan-an ló sì ti máa ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá fi rúlà wọn ìrìn elevon ní ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi wé ìwé báàlù. Tí ìrìn bá pọ̀ jù bí Weight tilẹ̀ wà ní 60 àti 40, ẹ sún irin sí ihò inú lọ́hùn-ún lára apá servo. Ẹ fi Min àti Max tó wà lójú OUTPUTS sílẹ̀ fún ibi tí pátákó bá ti ń gbá nǹkan tàbí tí servo ti ń kùn. Tí ẹ bá dín wọn kù láti mú báàlù rọlẹ̀, yíyí àti imú ló máa jọ kéré pọ̀, ẹ ò sì ní lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lórí Channel Monitor, ẹ fa ọ̀pá wá sí igun ọ̀tún ìsàlẹ̀, kó dé òpin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. CH2 gbọ́dọ̀ jẹ́ −100 gẹ́lẹ́, CH1 gbọ́dọ̀ jẹ́ +20. Láti ibí lọ, ṣánẹ́ẹ̀lì tí ẹ bá ti yí sí INV á fi òdìkejì àmì yìí hàn.

Ìpele 6: Ìrìn kékeré àti ìrìn ńlá lójú INPUTS

Ẹ ṣe ìlà méjì fún Ail. Èyí tó wà lókè: Switch SB↑, Weight 60, Expo 30. Èyí tó wà nísàlẹ̀: kò ní Switch, Weight 100, Expo 30. Ẹ ṣe bákan náà fún Ele. Expo tí kò ní àmì ìyọkúrò ló ń mú kí àárín ọ̀pá rọ̀. Èyí tó ní i á mú kó máa ta kìjí.

INPUTS kì í ṣe bíi MIXES. Lójú MIXES, gbogbo ìlà tó bá ń ṣiṣẹ́ ni rẹ́díò ń rò pọ̀. Lójú INPUTS, láti òkè lọ sísàlẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ tí súwíìṣì rẹ̀ bá ti tàn ni yóò mú, kò ní wo ìyókù. Nítorí náà, ìlà tí kò ní súwíìṣì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá gbé e sókè á máa yí SB títí ọwọ́ á fi ro ó, nǹkan kan ò ní yí padà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* pẹ̀lú SB lókè, ẹ ti ọ̀pá sọ́tùn-ún dé òpin. CH1 á jẹ́ +36. Ẹ yí SB kúrò lókè, á di +60. Tí nọ́ńbà bá dúró sí ojú kan, ẹ padà lọ wo Source inú MIXES, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti mú ọ̀pá tààrà.

Ìpele 7: Súwíìṣì tó ń pa mọ́tò

Lábẹ́ ìlà Thr lórí CH3, ẹ fi ìlà tuntun kún un: Source MAX, Weight −100, Switch !SA↓, Multiplex Replace. MAX kì í yẹ̀ kúrò ní +100, nítorí náà −100 ló máa jáde lórí CH3, níbi tí mọ́tò ti kú. Àmì ! túmọ̀ sí pé àyàfi tí SA bá wà nísàlẹ̀ ni mọ́tò lè yí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju SA↑ lọ, torí tí SA bá jẹ́ oníbi mẹ́ta, àárín rẹ̀ náà á pa mọ́tò. Ìlà yìí gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìlà Thr. Tó bá wà lókè rẹ̀, kò ní rí nǹkan pa.

Súwíìṣì yìí kì í wo ibi tí ọ̀pá mọ́tò wà. Tí ọ̀pá bá wà lókè nígbà tí ẹ yí SA sílẹ̀, mọ́tò á gbéra pẹ̀lú gbogbo agbára. Kí ẹ tó yí i, ojú yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ọ̀pá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* abẹ̀bẹ̀ ò tíì sí lára rẹ̀ o. SA lókè, ẹ gbé ọ̀pá mọ́tò sókè pátápátá: jẹ́ẹ́. Ẹ dá ọ̀pá padà sílẹ̀, ẹ yí SA wálẹ̀, ẹ gbé ọ̀pá díẹ̀: ó yí. Ẹ yí SA sókè: ó kú lójú ẹsẹ̀.

Ìpele 8: Tí rẹ́díò bá kú lójú ọ̀run

Ibi tí ẹ ti máa tò failsafe, ìyẹn ohun tí rìsífà máa ṣe tí àṣẹ rẹ́díò bá dá, dúró lórí irú rìsífà. Lórí rìsífà ExpressLRS (irú ètò ìbánisọ̀rọ̀ rẹ́díò kan) tí servo ń wọ̀ tààrà, ojú ìwé Wi-Fi rìsífà fúnra rẹ̀ ló wà. Àwọn mìíràn ń gbà á látojú MODEL SETUP. Ohun tí a ń wá ò yàtọ̀: mọ́tò gbọ́dọ̀ kú. Ètò tó ń di àṣẹ tó gbà kẹ́yìn mú léwu púpọ̀, torí báàlù tó sọnù pẹ̀lú mọ́tò tó ń yí lè rìn jìnnà kó tó já lu ẹlòmíràn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ jẹ́ kí mọ́tò máa yí díẹ̀díẹ̀, láìsí abẹ̀bẹ̀, kí ẹ pa rẹ́díò. Tó bá ń yí nìṣó, ẹ ò tíì lè lọ sí pápá. Ìgbà tó bá kú nìkan lẹ lè dá abẹ̀bẹ̀ padà sórí rẹ̀.

Tó bá jẹ́ báàlù onírù V ńkọ́?

Ọ̀nà kan náà ni, àmọ́ Rud ló máa rọ́pò Ail, CH2 àti CH4 ló sì máa rọ́pò CH1 àti CH2. Ẹ fi pátákó ìrù òsì sí CH2, ti ọ̀tún sí CH4. CH2 á ní Ele 50, Rud −50. CH4 á ní Ele 50, Rud 50. Ẹ wò ó dáadáa, apá òsì ni àmì ìyọkúrò wà níbí, òdìkejì ti elevon. Fífa ọ̀pá ṣì ń gbé méjèèjì sókè, OUTPUTS náà lẹ ṣì máa fi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti Rud sọ́tùn-ún, pátákó ọ̀tún gbọ́dọ̀ lọ SÍSÀLẸ̀, ti òsì á lọ sókè, torí bí ìrù V ṣe fẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn pátákó méjèèjì á ti jọ yà sápá ọ̀tún nìyẹn. Ẹni tó bá ti mọ́ elevon lára máa ń rò pé ó wọ́, á sì lọ «tún un ṣe». Ẹ dúró sẹ́yìn báàlù, kí ẹ wo ibi tí ẹ̀yìn méjèèjì yà sí, ẹ má wo òkè tàbí ìsàlẹ̀.